Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ físà ní Home Office: ẹ kọ́ wọn ní ọgbọ́n iṣẹ́ Frank Foley

Sí ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ físà ní Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba Britain tó ń bójú tó ìwọ̀lú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àbójútó ẹnubodè.

Iṣẹ́ tiwa ni kí á jókòó ti àwọn ènìyàn wa, nílé àti lẹ́yìn odi, kí á bá wọn to ìwé físà: ìwé báńkì, lẹ́tà ibi iṣẹ́, lẹ́tà ẹni tó pè wọ́n, ìwé ọjọ́ ìbí. Èdè Yorùbá la fi kọ lẹ́tà yìí kí àwọn tó ń to ìwé wá síwájú yín lè kà á, kí ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín náà sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín láìfi ọ̀rọ̀ kan pa mọ́.

Ohun kan là ń béèrè. Ẹ fi iṣẹ́ Frank Foley, òṣìṣẹ́ físà Britain ní Berlin tó gba ọ̀pọ̀ Júù lọ́wọ́ ìjọba Nazi ti Hitler, sínú ẹ̀kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun tó máa di òǹtẹ̀ mú. Wọ́n ti ṣe ère fún un, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ inúure rẹ̀ dáadáa. Ohun tí à ń fẹ́ kó dé inú kíláàsì ni bó ṣe ń ka òfin, bó ṣe ń ka ìwé, àti ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ìwé ẹnì kan bá ku díẹ̀ káàtó.

Highbridge, ní Somerset, ni wọ́n ti bí i, ní 24 November 1884. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1918, inú iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló sì bọ́ sí. Láti àwọn ọdún 1920 títí di August 1939, Berlin ló fi ṣe ibùjókòó. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ni ọ̀gá ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà Britain, ní Tiergartenstrasse. Lábẹ́lẹ̀, òun ni olórí MI6, ilé iṣẹ́ amí Britain, ní ìlú náà.

Ètò yìí kò mọ sí Berlin nìkan. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ni MI6 ń fi bojú ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá Yúróòpù. Ẹni tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò máa ń mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde, owó físà sì ń ran àpò iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀ tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn: òṣìṣẹ́ ìwé ìrìnnà kò sí lára àwọn aṣojú ìjọba tí òfin àgbáyé ń dáàbò bò. Bí ọlọ́pàá Jámánì bá na ọwọ́ mú un, kò ní ohun tó máa fi yọ ara rẹ̀. Ní August 1938, Gestapo, ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba Nazi, mú Thomas Kendrick, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Vienna, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n da ìbéèrè bò ó, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Foley rí gbogbo rẹ̀, kò sì kúrò nídìí tábìlì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbí, torí pé ibẹ̀ ni ìgboyà ọkùnrin náà ti hàn jù. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ amí ni pé kó má ṣe pe àfiyèsí sí ara rẹ̀. Foley ní ènìyàn tó ń dáàbò bò. Johann de Graaf, tó ń ṣe amí fún Soviet, wá bá a ní Berlin ní 1933 pé òun fẹ́ yí padà, Foley sì gbà á síṣẹ́. Paul Rosbaud, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ ohun tó ń lọ nínú ilé ìwádìí Jámánì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá jẹ́ kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún Júù tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lójú Gestapo. Òun kan náà ló ń wọ inú àgọ́ ìṣẹ́niníṣẹ̀ẹ́ lọ béèrè ènìyàn pẹ̀lú orúkọ, tó sì ń gba àwọn Júù sílé rẹ̀ sùn mọ́jú nígbà tí wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kò sí ọ̀gá amí tó máa gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ wá jẹ́ kí á lọ sórí òfin tó wà níwájú rẹ̀, torí pé òun ló jọ ohun tó wà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Palestine wà lábẹ́ àkóso Britain nígbà náà. (Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà àti ohun tó tẹ̀lé e tóbi ju lẹ́tà yìí lọ, òfin ìwọ̀lú ibẹ̀ nìkan là ń sọ.) Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Ọ̀nà A ni ti ẹni tó ní owó lọ́wọ́: £1,000 fún ẹni tó bá fẹ́ fi owó ṣòwò, £500 fún ẹni tó ní iṣẹ́ ìwé bíi dókítà, £250 fún oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀nà B ni ti ọmọ òrukàn, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ẹlẹ́sìn tí ẹlòmíràn máa bọ́. Ọ̀nà C ni ti òṣìṣẹ́, èyí tí ìjọba Britain ní Jerusalem ń ka iye rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀nà D ni ti aya, ọmọ àti òbí tí ẹni tó ti wà níbẹ̀ ń bọ́. Ọ̀nà C ní gbèdéke iye ènìyàn. Ọ̀nà tó gba £1,000 kò ní. Ẹni tó bá ti lè fi owó náà hàn, òǹtẹ̀ ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo ènìyàn fi wà lára £1,000 yẹn.

Níbo ni ìṣòro ti wá? Òfin Jámánì ń lé Júù jáde, ó sì tún ń gba owó tí wọ́n máa fi jáde. Láti 1934, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju 50,000 máàkì lọ gbọ́dọ̀ san ìdá mẹ́rin rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orí kó tó lè kó kúrò nílùú. Èyí tó kù á wọ àkáǹtì tí wọ́n dè, níbi tí kò ti lè fọwọ́ kàn án bó ṣe wù ú. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún mẹ́wàá yẹn, 10 máàkì péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn mú dání lọ. Àdéhùn kan wà láti August 1933 tí wọ́n ń pè ní Haavara: Júù á san máàkì sílẹ̀ ní Jámánì, wọ́n á fi ra ọjà Jámánì, wọ́n á ta ọjà náà ní Palestine, ìgbà yẹn ni wọ́n máa tó san pọ́n-ùn fún un níbẹ̀. Nítorí náà, ènìyàn lè ní owó lóòótọ́ kó má lè fi í hàn. Owó rẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà, lára ọjà tí wọn kò tíì tà. Òṣìṣẹ́ tó bá kan ń wo nọ́ńbà inú ìwé báńkì á kọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, òfin kò sì ní bá a wí.

Ní 1935, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá síwájú Foley. Gbogbo owó tó lè fi hàn jẹ́ £10. Foley ní kó lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ṣèlérí £990 tó kù. Ó mú ìwé náà wá, Foley sì lu òǹtẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ṣe san owó ìlérí náà láéláé.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò purọ́ sínú fáìlì, kò sì sọ £10 di £1,000. Ohun tí òfin fẹ́ mọ̀ ni bóyá arìnrìn-àjò náà máa ní ohun tó máa gbé e ró tó bá débẹ̀, Foley sì wá ìwé tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn lójú ọ̀gá èyíkéyìí tó bá ṣí fáìlì náà lọ́la. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe: ó la ẹnu sọ fún obìnrin náà ìwé tó kù. Lára ohun tí à ń fẹ́ kí ẹ fi kọ́ ènìyàn, èyí la kà sí gbòógì.

A kò ní fi bò pé ó rú òfin pẹ̀lú. Àwọn ìgbà wà tí kò sí ààyè kankan nínú ìlànà, tó sì fún ènìyàn ní físà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò fi í hàn bí ẹni tó ń fọ́n òǹtẹ̀ káàkiri. Ó mọ ìlànà náà dé ilẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó mọ ibi tó gbòòrò sí.

Títí di May 1938, ọmọ Jámánì kò nílò físà láti wọ Britain. Ẹnu èbúté ni wọ́n ti ń dá ènìyàn padà. Lóṣù yẹn ni wọ́n tún sọ físà di dandan, ìlà ẹnu ọ̀nà Foley sì gùn sí i. Ní òru 9 sí 10 November 1938, wọ́n dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin Júù lọ sí àgọ́ ìṣẹ́niníṣẹ̀ẹ́ ní Dachau, Buchenwald àti Sachsenhausen. Ọ̀nà ìdásílẹ̀ wà: bí ìdílé ẹni bá lè mú ẹ̀rí wá pé ó máa kúrò ní Jámánì kíákíá, wọ́n lè tú u sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé kan láti Tiergartenstrasse di ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó máa délé àti ẹni tí kò ní dé.

Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà. Àwọn ènìyàn ti máa ń tò síta kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn, òtútù sì mú gan-an lọ́dún yẹn. Foley ní kí wọ́n máa gbé tíì gbígbóná yíká fún àwọn tó wà lórí ìlà. Òun náà á jáde wá, á rìn láàárín wọn, á béèrè ohun tí oníkálùkù wá ṣe. Ìyẹn wúlò fún iṣẹ́ náà gan-an. Ẹni tó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìlà mọ fáìlì tí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, torí pé ọkọ tàbí ọmọ ẹnì kan wà ní Sachsenhausen, àti èyí tó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò dá a ṣe. Hubert Pollack, Júù kan tó ní ojúlùmọ̀ láàárín Gestapo, mọ ẹni tí owó lè yí lọ́kàn padà. Wilfrid Israel, tí ìdílé rẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá ní Berlin, ń wá owó, ó sì mọ ẹni tó wà ní àgọ́ wo. Foley ló ń fi físà parí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí bá sọ nù, iṣẹ́ náà kò ní délẹ̀: orúkọ láìsí físà kò lè jáde, físà láìsí ẹni tó lè bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lè wà nínú àpò ìyá ẹni kí wọ́n tó pa ọmọ rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n nítorí pé ó bá obìnrin tí kì í ṣe Júù bímọ, ohun tí òfin Nuremberg ti 1935 sọ di ẹ̀ṣẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n tán, wọ́n tún gbé e lọ sí Sachsenhausen. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan ló lọ bá Foley. Foley fúnra rẹ̀ ló lọ sí àgọ́ náà, físà méjì ló sì gbé lọ́wọ́: ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ. Físà kejì yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́.  Òṣìṣẹ́ tó ka ọ̀rọ̀ náà tán kò gbàgbé pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ṣèwádìí fojú bù ú pé bí 10,000 ènìyàn ló gba ọwọ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tó kúrò ní Berlin, Norway ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí Jámánì ya wọ ibẹ̀ ní April 1940, rédíò rẹ̀ ni Otto Ruge, ọ̀gágun àwọn ọmọ ogun Norway, fi ń bá London sọ̀rọ̀. Ó wà lára àwọn tó bi Rudolf Hess, igbákejì Hitler nínú ẹgbẹ́ Nazi, ní ìbéèrè lẹ́yìn tí ìyẹn fò wá sí Scotland ní May 1941, ó sì bá wọn ṣe iṣẹ́ fífi amí Jámánì tan Jámánì jẹ. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn tì sí Stourbridge, ó sì kú síbẹ̀ ní 8 May 1958. Iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti sọ̀rọ̀, MI6 kì í sì í tú fáìlì rẹ̀ síta, nítorí náà àwọn tó yọ ló jẹ́rìí rẹ̀. Benno Cohn, Júù tó ti gbé ní Berlin, dárúkọ rẹ̀ níbi ìgbẹ́jọ́ Eichmann, ọ̀gá Nazi tó bá wọn ṣètò pípa àwọn Júù, ní 1961. Ọdún 1999 ni Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù tí Nazi pa, ní Jerusalem, tó kọ ọ́ mọ́ àwọn olódodo, ọdún 2018 sì ni ọ̀gá MI6 fi ẹnu ara rẹ̀ yìn ín ní gbangba. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ti kọjá lórí ikú rẹ̀ nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kó yé ara wa: a kò fi àwọn tó ń wá bẹ̀ yín wò wé àwọn tó wà níwájú Foley. Ẹni tó fẹ́ wá síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ní Peckham kò sá fún àgọ́ ikú. Àmọ́ iṣẹ́ kíka ìwé kan náà ni, a sì lè tọ́ka sí ibi tó ti ń wọ́.

Ìwé báńkì ni ká kọ́kọ́ mú. Òfin àbẹ̀wò yín, Appendix V, ní kí òṣìṣẹ́ mọ̀ bóyá àlejò náà jẹ́ àlejò lóòótọ́, tó sì ní owó tó tó. Òṣìṣẹ́ á rí owó ńlá kan tó já wọ àkáǹtì lójijì, á kọ̀wé pé kò mọ ibi tó ti wá. Láàárín àwọn oníṣòwò wa, ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó yẹn máa ń jẹ́ àjọ. Ogún ènìyàn lè máa dá owó kan náà jọ lóṣooṣù, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá kàn án. Nínú ìwé báńkì rẹ̀, owó kékeré á máa jáde lóṣooṣù, owó ńlá á wá wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó mọ àjọ á rí i pé owó tó ń jáde náà ló ṣàlàyé èyí tó wọlé. Ìwé tó kù kò ju lẹ́tà olórí àjọ àti ojú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ìgbà tó kan oníkálùkù sí. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ béèrè rẹ̀, bí Foley ṣe béèrè ìwé £990.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti orúkọ ẹbí. Ọmọ Yorùbá lè kọ lẹ́tà pé "bàbá mi ló máa gbà mí sílé," kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń sọ. Lójú tiwa, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ tí ìwé ọjọ́ ìbí bá dé, tí orúkọ bàbá ibẹ̀ sì yàtọ̀, òṣìṣẹ́ lè kà á sí irọ́, irọ́ nínú ìwé físà sì lè mú kí ẹ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ènìyàn fún ọdún 10. Ìbéèrè kan ṣoṣo, "Ṣé bàbá tó bí ọ lọ́mọ ni?", ì bá tán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó ní orúkọ kan nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, tó ní òmíràn lẹ́yìn ìgbéyàwó, tí wọ́n sì tún ń pe ní Ìyá Bọ́lá nínú lẹ́tà ẹni tó pè é. Àwa tí a ń to ìwé ní ìpín tiwa níbẹ̀: a ti ń sọ fún àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n kọ "ẹ̀gbọ́n bàbá mi," kí wọ́n sì lọ búra ní kóòtù lórí orúkọ wọn kí wọ́n tó fi ìwé sílẹ̀.

Láti 25 June 2013, ẹni tí ẹ kò fún ní físà àbẹ̀wò kò lè gbé ìpinnu náà lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àfi lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé, lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣí fáìlì ni ẹni ìkẹyìn tó máa kà á. Bó bá fò ó, ó ṣòro kí ẹlòmíràn tó tún un ṣe.

Bí ẹ bá gbà láti kọ́ wọn, àbá wa rèé. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí ìyìn. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin ìwọ̀lú Palestine bó ṣe wà ní 1935, pẹ̀lú gbogbo ọ̀nà rẹ̀. Ẹ fún un ní òfin owó Jámánì. Ẹ wá gbé fáìlì ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní £10 síwájú rẹ̀, kí ẹ yọ ìparí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni òfin yìí fẹ́ mọ̀ gan-an, ìwé wo lo sì máa ní kí obìnrin yìí lọ mú wá? Ẹ fún un ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé báńkì alájọ kan láti Ìbàdàn, kí ẹ sì tún bi í ní ìbéèrè méjì kan náà. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá yín to irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kọ́, kí ẹ sì yọ orúkọ ẹni tó ni ín kúrò, àwa ti ṣe tán.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwa tí a ń bá àwọn ènìyàn wa to ìwé físà, ní London àti ní Ìbàdàn